Agboolé Kún Kóòtù, Kò Sí Oníìdúró

Ẹ wá òṣìṣẹ́ ìjọba kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọn kò tíì bẹ̀ rí pé kó wá dúró fún ẹnì kan, ẹ kò ní rí i. Bí ará àdúgbò bá ti lè gbọ́ pé o ti dé level 8, ìdájí ni wọn yóò máa kan ìlẹ̀kùn rẹ. Ọmọ ẹnì kan sun tẹ́ṣàn mọ́jú. Ọkọ ẹnì kan wà ní sẹ́ẹ̀lì. Wọn kò wá yá owó o. Ìwé ìgbaniṣíṣẹ́ rẹ ni wọ́n ń wá, pẹ̀lú ìwé ìgbéga tó o gbà kẹ́yìn, péésílíìpù, káàdì ìdánimọ̀ àti páásípọ́ọ̀tù méjì. Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí. Mo ní fáìlì kan nílé tí mo kó ẹ̀dà gbogbo wọn sí, torí ó ti sú mi kí n máa wá oní-fọ́tòkọ́pì kiri Táàkíè nígbà tí kò síná. Ọkọ mi kórìíra fáìlì yẹn ju bó ṣe kórìíra àwọn oníná lọ.

Ó sì ní ìdí tó fi kórìíra rẹ̀. Ẹni tó bá dúró fún èèyàn ní kóòtù ti tọwọ́ bọ̀wé pé bí onítọ̀hún bá sá lọ, ọrùn òun ni gbèsè rẹ̀ yóò já lé. Ní yàrá àwọn olùkọ́ wa, ìmọ̀ràn tí àwọn àgbà ń fún tíṣà tuntun kò ju méjì lọ: má gba owó PTA sọ́wọ́, má sì dúró fún ẹnikẹ́ni ní kóòtù. Mi ò bá ẹni tó bá kọ̀ wí. Èmi náà máa ń kọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà.

Bí wọ́n bá ń sọ bí ilé-ẹjọ́ ṣe ń rẹ́ tálákà jẹ, adájọ́ tó gba ẹ̀gúnjẹ lẹnu gbogbo èèyàn máa ń lọ bá. Irú wọn lè wà, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì kóòtù májísíréètì, tí mò ń dúró kí wọ́n pe orúkọ ẹni tí mo tìtorí ẹ̀ wá, ohun tí mo rí ni pé ọ̀pọ̀ tálákà kì í tilẹ̀ dé ibi tí adájọ́ ti ń dájọ́. Ìyà rẹ̀ á ti tán kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tó sì máa ń dá a dúró sí ẹnu ọ̀nà ni pé nínú gbogbo àwọn tó mọ̀ láyé, kò sí ẹni tó níwèé.

Ní òpin oṣù kẹta ọdún 2021, jẹnẹrétọ̀ oníbàárà kan pòórá nínú ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà kan ní àdúgbò wa. Oníbàárà náà mọ èèyàn ní tẹ́ṣàn. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ọlọ́pàá dé, wọ́n kó ọ̀gá wẹ́dà àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sínú mọ́tò kan náà lórí ẹ̀sùn kan náà. Kí wọ́n tó kírun alẹ́, ọ̀gá ti dé ilé: àna rẹ̀ kan ń ṣiṣẹ́ ní káńsù, ó lọ bá wọn sọ̀rọ̀. Ọmọ iṣẹ́ kò dé. Ìyá rẹ̀ ni ìyá ẹlẹ́kọ tó ń ta ẹ̀kọ ní ìsàlẹ̀ àdúgbò wa, opó ni. Ọjọ́ Sátidé ló wá kan ìlẹ̀kùn mi.

Àwọn tó mọ bí nǹkan ṣe ń lọ á sọ fún yín pé ẹni tí wọ́n bá fẹ́ fojú ẹ̀ rí màbo, ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n ń mú un, torí kóòtù kì í jókòó ní Sátidé àti Sọ́ńdè. Òfin ò sì fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́. Abala 35 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ní bí kóòtù bá wà láàárín 40 kìlómítà sí ibi tí wọ́n ti mú èèyàn, ọjọ́ kan péré ni kí wọ́n fi gbé e débẹ̀. Láti tẹ́ṣàn tí mò ń sọ yìí, èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé kóòtù kó má sì làágùn. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n gbé ọmọ náà lọ.

Kó tó di Ọjọ́bọ̀ yẹn, mo lọ sí tẹ́ṣàn pẹ̀lú fáìlì mi. Ìwé kan wà lára ògiri lẹ́yìn káńtà: béèlì, ọ̀fẹ́ ni. Abẹ́ ìwé yẹn gan-an ni wọ́n ti ní ká mú owó ìwé wá, ká tún mú owó epo tí mọ́tò jó lọ́jọ́ tí wọ́n lọ mú wọn. Ìyá ẹlẹ́kọ tú ìdí ìró rẹ̀, ó kà á fún wọn, ₦50 àti ₦100, ọlọ́pàá sì dúró tì í títí ó fi kà á tán. Nígbà tó kan ọ̀rọ̀ ìdúró, ọlọ́pàá wo ìwé mi, ó wo ojú mi, ó ní, "Mà, ìwé yín dáa. Ṣùgbọ́n ẹ lọ mú ọkùnrin wá. A kì í gba obìnrin." Mo ní level 10 ni mí. Ó ní òun rí i. Mo ní kí ló wá ṣẹlẹ̀? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Òfin tó ń darí ẹjọ́ ọ̀daràn, èyí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015, ti sọ ọ́ gbangba pé wọn kò gbọdọ̀ tìtorí pé ẹnì kan jẹ́ obìnrin kí wọ́n ní kò lè ṣe oníìdúró. Bí mo bá mú ọkùnrin kan tó ń kọjá lọ lójú títì wọlé nígbà yẹn, mo gbà gbọ́ pé wọn ì bá gbà á.

Wọ́n jẹ́ kí n rí sítétímẹ́ǹtì ọmọ náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò ka ìwé kọjá JSS 2, Yorùbá ló fi sọ tẹnu rẹ̀, ọlọ́pàá sì ń kọ ọ́ lọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tó sọ fún ìyá rẹ̀ láti ẹnu ihò sẹ́ẹ̀lì, tí èmi náà fetí ara mi gbọ́, ni pé òun ti ṣọ́ọ̀bù ní ìrọ̀lẹ́, òun fún ìyàwó ọ̀gá ní kọ́kọ́rọ́. Mo ka ìwé náà síwá sẹ́yìn. Ó tilẹ̀kùn, ó wà níbẹ̀. Ìyàwó ọ̀gá ò sí níbẹ̀ rárá. Àmì ìka rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀, dúdú kirikiri. Bí lọ́yà bá wà níbẹ̀ nígbà tó ń sọ̀rọ̀, ìlà kan péré ni yóò ní kí wọ́n fi kún un.

Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ọdún Àjíǹde ni wọ́n gbé e dé iwájú májísíréètì. Wọ́n ka ẹ̀sùn olè jíjà sí i létí, akọ̀wé túmọ̀ rẹ̀ fún un, ó ní òun ò jẹ̀bi. Màá sọ òtítọ́, adájọ́ náà kò le mọ́ ọn. Ó fún un ní béèlì lójú ẹsẹ̀: ₦200,000 àti oníìdúró méjì. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tí kò rẹlẹ̀ ju level 8. Èkejì gbọ́dọ̀ ní ilé tàbí ilẹ̀ ní agbègbè tí kóòtù náà ń ṣàkóso, kó sì mú ìwé rẹ̀ wá. Ẹ má ṣì í gbọ́ o, wọn kò ní kí ẹnikẹ́ni kó ₦200,000 sílẹ̀. Ìwé ni. Ẹni tó bá gbọ́ ìyẹn létí lásán á rò pé nǹkan ti bùṣe.

Lọ́jọ́ yẹn, agboolé wọn kún kóòtù. Ìyá ẹlẹ́kọ wà níbẹ̀, àbúrò bàbá ọmọ náà tó ń ṣiṣẹ́ bíríkìlà wà níbẹ̀, àwọn ìyàwó ilé, ọlọ́kadà méjì, bàbá aláàfáà tó kọ́ ọ ní kéwú, àti mọ́gàjì wọn fúnra rẹ̀ tó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún, tí wọ́n fi ọ̀kadà gbé wá, tó wọ agbádá tó sì dé fìlà bí ẹni tó ń lọ sí ààfin Sọ̀ún. Bẹ́ǹṣì ò gbà wọ́n. Àwọn kan dúró sábẹ́ igi, àwọn kan jókòó sí orí gọ́tà. Gbogbo wọn ló mọ ọmọ náà láti ọjọ́ ìkómọ. Gbogbo wọn ni yóò sì mọ ibi tó wà bó bá sá. Tí ẹ bá ní kí n sọ ohun tí ìdúró jẹ́ gan-an, òun ni mo rí lọ́jọ́ yẹn: àwọn èèyàn tí kò ní gbà kí ọmọ wọn dójú tì wọ́n.

Èmi ni level. Ìyẹn ti yanjú. Ó ku ilé.

Mọ́gàjì dìde. Ó ní òun nílé. Akọ̀wé kóòtù fara balẹ̀ bi í, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, pé, "Bàbá, ìwé rẹ̀ dà?" Bàbá ní ìwé wo? Akọ̀wé ní C of O, tàbí ìwé ìwọ̀n ilẹ̀ pẹ̀lú ìwé tí wọ́n fi rà á. Bàbá wò ó títí. Ó ní àwọn ò rà á. Ilé tó ń sọ yẹn, bàbá ńlá bàbá rẹ̀ ni wọ́n sin sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ó ti wà níbẹ̀ kí Òyìnbó tó pa orílẹ̀-èdè Nàìjíríà pọ̀ ní 1914, kó tó di pé ẹnikẹ́ni kọ́ kóòtù sí Ògbómọ̀ṣọ́. Orúkọ agboolé náà làwọn ọlọ́kadà fi ń júwe àdúgbò. Ṣùgbọ́n ilé ẹbí ni. Èèyàn tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i kò lóǹkà, kò sì sí ẹnì kan tó lè ní tòun nìkan ni. Òfin ilẹ̀ ti 1978 ti kó gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ gómìnà, láti ìgbà náà ìwé ni ilé. Akọ̀wé náà kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ní, "Bàbá, mo mọ̀ pé ilé yín ni. Mi ò lè kọ 'mo mọ̀' sínú fáìlì."

Mo ti ronú sí èyí lọ́pọ̀ ìgbà. Ìdí tí kóòtù fi ń béèrè ilé ni pé kí wọ́n lè mọ ẹni tó fìdí múlẹ̀ nílùú, tí kò ní ká ẹní rẹ̀ sálọ lóru. Wàyí o, ta ló fìdí múlẹ̀ ju mọ́gàjì lọ? Ọ̀gbẹ́ni kan lè ti Èkó dé ní ọdún tó kọjá, kó ra ilẹ̀ sí ẹ̀yìn Ìlọrin Road, kó ní ìwé rẹ̀ ní pípé, òun ni kóòtù yóò kà sí ọmọ onílùú. Yorùbá ní èèyàn laṣọ mi. Aṣọ pọ̀ lọ́rùn ọmọ wẹ́dà lọ́jọ́ yẹn, ó kún àgbàlá kóòtù, ìhòòhò ni wọ́n sì kà á sí.

Níta géètì, ọkùnrin kan jókòó sórí àpótí, ó gbé báàgì ọlọ́rá lé orí itan. Ó ti ń wò wá bọ̀. Nígbà tí a sún mọ́ ọn, ó béèrè jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń ta búrẹ́dì: "Ṣé level lẹ fẹ́ ni, àbí ilẹ̀?" Inú báàgì yẹn ni ìwé wà, ti level, ti ilẹ̀, páásípọ́ọ̀tù oríṣiríṣi. ₦30,000 ló pè é. Mi ò mọ bí ìwé yẹn ṣe jẹ́ ojúlówó tó, mi ò sì béèrè. Ẹ̀kọ ₦20 ₦20 ni ìyá ẹlẹ́kọ ń tà nígbà yẹn. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Ìyá tíṣà, ṣé ká gbà á?" Ọmọ ìyá náà kọ́ ni, owó rẹ̀ náà kọ́ ni, òun ló sì ń bi mí. Mo ní kó má gbà á, pé wọ́n lè di ẹ̀sùn rù ú tí àṣírí bá tú. Tí ẹ bá bi mí lónìí, ohun kan náà ni màá sọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ síta: ọjà yẹn ò ní wà bí kóòtù kò bá máa béèrè ohun tí aráàlú kò ní. Àwọn olówó kì í bá ọkùnrin yẹn nájà. Ẹ̀gbọ́n wọn ni level, àbúrò wọn ni ilẹ̀.

Akọ̀wé ní ká padà wá lẹ́yìn ọdún. Jímọ̀ àti Mọ́ńdè jẹ́ ìsinmi Àjíǹde. Lọ́jọ́ Túsìdeè, ọjọ́ kẹfà oṣù kẹrin, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ilé-ẹjọ́, JUSUN, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì jákèjádò Nàìjíríà lórí pé kí àwọn gómìnà jẹ́ kí ilé-ẹjọ́ máa ṣàkóso owó ara rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń jà fún dára, ó wà nínú ìwé òfin. Wọ́n ti géètì pa títí di oṣù kẹfà. Ẹni tó ti gba béèlì kí wọ́n tó ti géètì ń sùn sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó tilẹ̀ lè máa gbàdúrà pé kí ìyanṣẹ́lódì náà má parí mọ́. Ọmọ wẹ́dà wà lẹ́wọ̀n.

Nígbà tí kóòtù ṣí padà, wọ́n sún ẹjọ́ síwájú, wọ́n tún sún un. Olùpẹjọ́ kò wá. Ọlọ́pàá tó wádìí ẹjọ́ ní wọ́n ti gbé òun lọ sí ìlú mìíràn. Ìyá ẹlẹ́kọ á pa ọjà tì, á wọ mọ́tò, á jókòó, wọn á ní kó lọ kó padà wá. Agboolé bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Ìgbà àkọ́kọ́ ni wọ́n kún kóòtù. Nígbà tó yá, ó ku òun àti ọlọ́kadà kan.

Lọ́yà kan ló bá a ṣe é níkẹyìn, ọmọdébìnrin agùnbánirọ̀ tí wọ́n gbé wá sí ìlú wa, tó ń ran àwọn tí kò lówó lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó dìde lóṣù kẹsàn-án, ó ní kí kóòtù wo iye ìgbà tí wọ́n ti dá ọjọ́ tí olùpẹjọ́ kò yọjú, kí wọ́n fagi lé ẹjọ́ náà. Ohun tó sọ kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Adájọ́ fagi lé e. Wọn ò ní ó jẹ̀bi, wọn ò ní kò jẹ̀bi. Mi ò mọ ẹni tó jí jẹnẹrétọ̀ náà di òní olónìí, kóòtù náà kò sì mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá wẹ́dà ti gba ọmọ iṣẹ́ mìíràn.

Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá ọdún kan náà, àwọn agbébọn kọlu ọgbà ẹ̀wọ̀n Abólóńgò ní Ọ̀yọ́ lóru. Gbogbo ayé ló gbọ́ pé ẹlẹ́wọ̀n tó lé ní 800 sá lọ. Ìròyìn tí àwọn aláṣẹ ọgbà ẹ̀wọ̀n fi síta nígbà náà wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kà á: èèyàn 160 ni wọ́n kọ́ ibẹ̀ fún, 907 ló wà nínú rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Nínú 907 yẹn, 64 péré ni kóòtù ti dá lẹ́bi. Àwọn yòókù ń dúró de ẹjọ́. Àwọn agbébọn náà kò sì débi tí àwọn tí wọ́n ti dá lẹ́bi wà. Ibi tí wọ́n kó àwọn tó ń dúró de ẹjọ́ sí ni wọ́n já. Ní ọjà Wàásò lọ́sẹ̀ yẹn, ohun tí mò ń gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn ni pé "àwọn ọ̀daràn ti tú síta." Ọ̀daràn wà nínú wọn, mi ò sọ pé kò sí, ẹ̀sùn ìdigunjalè wà níbẹ̀, ti ìpànìyàn wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi ń ronú nípa iye àwọn tó jẹ́ pé ìwé ilẹ̀ kan ṣoṣo ló dí wọn lọ́nà ilé.

Òfin wa tún ní ọ̀nà àbáyọ mìíràn, èyí tí mo kórìíra jù: ẹ̀wọ̀n tàbí owó ìtanràn. Nínú sẹ́ẹ̀lì, wọ́n máa ń gba ara wọn nímọ̀ràn pé, "Sọ pé o jẹ̀bi, kó o lè tètè lọ sílé." Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n lè ní kó lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́ta tàbí kó san ₦20,000. Fún ẹni tó ní ₦20,000, owó ni ìjìyà rẹ̀. Fún ẹni tí kò ní, oṣù mẹ́ta ni. Ní oṣù kìíní ọdún 2013, kóòtù gíga kan ní Àbújá gbọ́ ẹjọ́ ọ̀gá kan tó jẹ́wọ́ pé òun lọ́wọ́ nínú bí wọ́n ṣe kó owó ìfẹ̀yìntì àwọn ọlọ́pàá jẹ. Bílíọ̀nù náírà ni wọ́n ń kà. Ẹ̀wọ̀n ọdún méjì tàbí ₦750,000 ni wọ́n fún un. Ó sanwó, ó ń lọ. Nígbà tí ariwo ta, NJC, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó àwọn adájọ́, dá adájọ́ náà dúró fún oṣù méjìlá, ní 2018 sì ni Kóòtù Kòtẹ́milọ́rùn sọ ọ́ di ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́fà pẹ̀lú owó ńlá tó gbọ́dọ̀ san. Ọdún márùn-ún ló gbà. Mo máa ń rántí pé owó ìfẹ̀yìntì ọlọ́pàá ni, tí mo bá rí ọlọ́pàá tó ń béèrè owó epo lọ́wọ́ ìyá ẹlẹ́kọ.

Lórí ọ̀rọ̀ level tó ń gbé àwọn èèyàn wá sílé mi, kóòtù ti sọ̀rọ̀. Ní 2019, Kóòtù Kòtẹ́milọ́rùn ní Àbújá sọ pé kò yẹ kí wọ́n máa fi òṣìṣẹ́ ìjọba ṣe oníìdúró, pé kò bá ìlànà iṣẹ́ ìjọba mu. Ẹjọ́ ta ni wọ́n ti sọ ọ́? Ẹjọ́ Sambo Dasuki, olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ètò ààbò tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ti ní kó mú òṣìṣẹ́ ìjọba onípele gíga wá. Ó ní àwọn lọ́yà ńlá, wọ́n jà á, wọ́n borí. Inú mi dùn sí ìdájọ́ yẹn. Ọdún kejì rẹ̀ ni wọ́n ní kí ọmọ ẹlẹ́kọ lọ wá level 8, kò sì sí ẹni tó dìde sọ fún adájọ́ pé àwọn ọ̀gá rẹ̀ ti ní kò yẹ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Àwọn kan á ní, ṣebí ìjọba ní lọ́yà ọ̀fẹ́. Ó ní. Legal Aid Council ti wà láti 1976. Òfin rẹ̀ ti 2011 ní ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò bá ju owó oṣù tó kéré jù lọ ni kó lò ó. Ìyẹn ti di ₦70,000 láti 2024. Oní-POS tó bá ń rí ₦80,000 lóṣù ti di olówó nìyẹn, kó lọ wá lọ́yà ara rẹ̀. Ìbàdàn ni ọ́fíìsì wọn ní ìpínlẹ̀ wa wà, nǹkan bí 100 kìlómítà sí ibi tí mo ti ń kọ èyí. Àwọn èèyàn tó wà níbẹ̀ ń gbìyànjú. Iṣẹ́ náà ju ọwọ́ wọn lọ.

Mi ò tíì mẹ́nu ba àwọn obìnrin tó yá owó gbómú lé lántà, ìyẹn ẹ̀yáwó tó ní èlé gọbọi, tí wọ́n ń fi ọlọ́pàá kó torí gbèsè ₦60,000, tàbí tí wọ́n ń kó ìyá wọn dípò wọn. Òfin ọlọ́pàá ti 2020 ní kí ọlọ́pàá má mú ẹnikẹ́ni torí gbèsè lásán, kí wọ́n má sì mú ẹnì kan dípò ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ tiwọn pọ̀ tó àròkọ kan fúnra rẹ̀, màá kọ ọ́ lọ́jọ́ mìíràn.

Kí ni mo fẹ́? Kì í ṣe pé kí wọ́n máa tú gbogbo èèyàn sílẹ̀. Mo fẹ́ kí kóòtù gba mọ́gàjì. Bí lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ mọ́gàjì, tàbí alága ẹgbẹ́ onílé, tàbí ìmáàmù, tàbí pásítọ̀ bá lè gbé èèyàn wọ iṣẹ́ ìjọba, ó yẹ kó lè gbé ọmọ wẹ́dà kúrò ní sẹ́ẹ̀lì. NIN wà báyìí, nọ́ńbà fóònù gbogbo èèyàn sì ti so mọ́ ọn. Kò rọrùn kí ọmọ ìyá ẹlẹ́kọ pòórá bí ó ṣe rọrùn nígbà tí wọ́n ṣe àwọn ìlànà wọ̀nyí. Òfin 2015 náà ní béèlì kò gbọ́dọ̀ wọ̀n ju bó ṣe yẹ lọ. Adájọ́ tó bá fẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ lọ́la láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tún òfin ṣe.

Àwọn tó ń bẹ̀rù pé wọn á sá lọ, ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí Onídàájọ́ Àgbà ìpínlẹ̀ bá lọ ṣèbẹ̀wò sí ọgbà ẹ̀wọ̀n. Òfin fún un lágbára láti tú ẹni tó ti pẹ́ jù láìgbẹ́jọ́ sílẹ̀, wọ́n sì ń tú wọn sílẹ̀. Wọ́n á wo fáìlì, wọ́n á rí i pé ọ̀rọ̀ foònù ni, tàbí ti ewúrẹ́, tàbí pé fáìlì tilẹ̀ ti sọnù, wọ́n á pe orúkọ onítọ̀hún, á sì máa lọ sílé. Wọn kì í béèrè level lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, wọn kì í béèrè C of O. Bó bá jẹ́ pé ẹni kan náà lè lọ láìsí oníìdúró lẹ́yìn ọdún mélòó kan, kí ni wọ́n ń fi oníìdúró ṣe lọ́jọ́ àkọ́kọ́?